Ìdá 2.5 fún gbogbo wọn: àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba Hong Kong ní ọdún 2022

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Hong Kong ní ọdún 2022 lórí bí owó oṣù ní àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ṣe lọ sókè gbé nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀: 7.26% fún ọ̀wọ́ òkè (àwọn tí owó wọn pọ̀ jù), 4.55% fún ọ̀wọ́ àárín, 2.04% fún ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, 2.5% ni ìjọba fi kún owó gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, látorí ọ̀gá àgbà dórí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ọ̀wọ́ méjì gba ohun tó kéré sí ti ìwádìí, ọ̀wọ́ kan gba ohun tó fi díẹ̀ lé, kò sì sí èyí tí tirẹ̀ bá a dọ́gba. Kúlẹ̀kúlẹ̀ ìlànà ètò yìí wà lákọsílẹ̀, tó fi dórí bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìdá kan péré. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè jókòó ti ìlànà náà kó ṣírò 2.5 jáde. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí ìwádìí ń wọ̀n

Ọdún 1974 ni ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀. Ìjọba kì í tajà, kò ní èrè tó lè wò kó tó mọ iye tó tọ́ sí akọ̀wé tàbí ẹnjiníà rẹ̀. Ohun tí àwọn aládàáni ń san fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló ń wò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni a lè gbà wò ó. A lè béèrè pé èló ni iṣẹ́ yìí ń mú wọlé níta; a sì lè béèrè pé báwo ni owó àwọn tó wà níta ṣe yí padà láàárín ọdún kan. Ìbéèrè kejì nìkan ni ìwádìí ọdọọdún ń béèrè.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré. Ká ní òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń gba $30,000 lóṣù (dọ́là Hong Kong ni gbogbo owó tí a dárúkọ níbí), tí ẹnì kejì rẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní ilé-iṣẹ́ aládàáni ń gba $25,000. Bí àwọn méjèèjì bá gba àfikún 4%, ìwádìí yóò sọ pé wọ́n ń rìn pọ̀, kò sì purọ́. Àmọ́ àlàfo $5,000 ti di $5,200. Ìwádìí kò mọ ẹni tó wà níwájú nígbà tí ìrìn bẹ̀rẹ̀, kò sì béèrè.

Ní 1986, wọ́n ṣe irú ìwádìí kejì, èyí tó ń wo iye owó fúnra rẹ̀. Ó sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ti wà níwájú àwọn aládàáni. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ ọ́ jálẹ̀, awuyewuye náà kò tán bọ̀rọ̀, títí wọ́n fi gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kan tí wọ́n ń pè ní Ìgbìmọ̀ Burrett kalẹ̀ ní 1988. Àwọn òfin méjì tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn 2022 wá láti ọwọ́ ìgbìmọ̀ yẹn. Ìwádìí tó ń wo iye owó kò kú, ìlànà ní kí wọ́n máa ṣe é ní ọdún mẹ́fà mẹ́fà. Láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, ìrìn nìkan ni wọ́n ń kà.

Bí nọ́ńbà ṣe ń jáde

Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún kan dé ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìwádìí ń wò. Ti 2022 wo 2 oṣù Kẹrin 2021 sí 1 oṣù Kẹrin 2022. Ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń pè ní ńlá, èyí tó ní 50 sí 99 ni kékeré. Nígbà tí wọ́n bá ń da èsì pọ̀, àwọn ńlá ló ń gba ìwọ̀n 75, àwọn kékeré 25. Ilé-iṣẹ́ tó bá jẹ́ pé àfikún ìjọba ló ń wò kó tó fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní àfikún kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ó yẹ bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá gbà á wọlé, ìjọba á kàn máa wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí ni.

Òṣìṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ni wọ́n wá ń pín sí ọ̀wọ́ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n ń gbà. Ní 2022, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó $24,070 wà ní ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀. $24,070 sí $73,775 ni ọ̀wọ́ àárín. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ ni ọ̀wọ́ òkè. Láti inú ìwé ìpele owó ìjọba ni ààlà wọ̀nyí ti wá: ìpele 10 ni $24,070, ìpele 33 sì ni $73,775.

Kì í ṣe owó oṣù nìkan ni wọ́n ń kà. Bónọ́ọ̀sì àti àwọn owó mìíràn tó jọ ọ́ wà nínú ìṣirò. Bákan náà ni àfikún tí wọ́n fún èèyàn torí pé ó mọ iṣẹ́, tàbí torí pé ó ti pẹ́ níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ̀ka tó ń ṣe ìwádìí bá ti kó gbogbo rẹ̀ jọ, ìgbìmọ̀ kan tí aṣojú ìjọba, aṣojú òṣìṣẹ́ àti àwọn ará ìta jókòó sí ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà ni àyọkúrò, òfin Burrett kìíní. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò tíì dé òkè ìpele rẹ̀ máa ń gun àtẹ̀gùn kan lọ́dọọdún, owó rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lọ́nà yẹn láìjẹ́ pé wọ́n kéde àfikún kankan. Bí ìwádìí bá ka irú àfikún bẹ́ẹ̀ mọ́ ti aládàáni, tí ìjọba sì san gbogbo rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó ti wà tẹ́lẹ̀, owó kan náà ló san lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà wọ́n ń ṣírò iye tí ìgòkè ọdọọdún ń ná ìjọba nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì yọ ọ́. Bí àpẹẹrẹ, bí ìwádìí bá mú 5.2% jáde, tí ìgòkè sì ná ìjọba ní 1.1% nínú gbogbo owó oṣù ọ̀wọ́ náà, 4.1% ló kù.

Àyọkúrò yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ń bínú sí jù, ìbínú wọn kò sì jẹ́ lásán. Ẹni tó ti dé òkè ìpele rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò gun àtẹ̀gùn kankan mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ iye àtẹ̀gùn ẹlòmíràn nínú tirẹ̀. Ọdún tí ìjọba bá gba àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ síṣẹ́, àyọkúrò á ga, àwọn àgbà ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ní 2019, ìjọba fi ìdènà kan sí i: ohun tí wọ́n ń yọ kò gbọ́dọ̀ ju ìpíndọ́gba iye tó ti ń jẹ́ láti ọdún ìnáwó 1989-90 lọ. Bí ti ọdún náà bá kéré ju ìpíndọ́gba, ti ọdún náà ni wọn á yọ. Nọ́ńbà mẹ́ta ti 2022 jẹ́ èyí tó kù lẹ́yìn àyọkúrò.

Òfin Burrett kejì ni ìgbésókè. Bí nọ́ńbà ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀ bá kéré ju ti àárín lọ, wọ́n lè gbé e sókè kó bá ti àárín dọ́gba. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí àlàfo láàárín tálákà inú iṣẹ́ ìjọba àti àwọn yòókù má baà máa fẹ̀ lọ́dọọdún.

Níbo ni 7.26 ti wá?

Ẹni tó bá rí 7.26% fún àwọn tó ń gbà ju $73,775 lọ, nínú ọdún tí àrùn Kòrónà ṣì ń jà, á fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní tiwa, bónọ́ọ̀sì ni ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí ojú lọ, torí pé àwọn tó wà lókè ni bónọ́ọ̀sì wọn ń pọ̀ jù, òun náà ló sì ń yára lọ sókè sódò jù.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀gá kan ní ilé-iṣẹ́ aládàáni tí owó oṣù rẹ̀ kò yí padà rárá. Ní ọdún tí nǹkan le, wọ́n fún un ní bónọ́ọ̀sì ìlàjì oṣù, àròpọ̀ rẹ̀ lọ́dún wá jẹ́ owó oṣù 12.5. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá bónọ́ọ̀sì oṣù kan tó ń gbà tẹ́lẹ̀ padà fún un, ó di 13. Ìyẹn jẹ́ ìlọsókè 4%, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń gbà kí nǹkan tó le náà ló padà sí. Nígbà tí 4% yìí bá wọ ọ̀dọ̀ ìjọba, kò ní wọlé bíi bónọ́ọ̀sì tó lè lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Inú owó oṣù ni yóò dúró sí títí láé, tí wọ́n á tún máa fi ṣírò owó ìfẹ̀yìntì àwọn tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́.

Ibi tí ó ti wọ́ ni pé òṣùwọ̀n náà kì í ṣiṣẹ́ bákan náà bó ṣe ń lọ sókè àti bó ṣe ń lọ sódò. Ní 2020, ìwádìí mú iye tó ga ju òdo jáde fún ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìjọba kò fi kọ́bọ̀ kún owó ẹnikẹ́ni. Ní 2021, gbogbo nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lábẹ́ òdo. Ìjọba kò yọ owó ẹnikẹ́ni, ó tún fi í síbi tó wà. Nígbà tí àwọn aládàáni wá padà bọ̀ sípò ní 2022, ìwádìí ka gbogbo ìpadàbọ̀ náà sí ìlọsókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò bá wọn ṣubú ní 2021. Apá kan nínú 7.26 jẹ́ sísan padà fún ìṣubú tí kò kan òṣìṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé 2020: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà lè sọ pé ìlọsókè kan wà tí wọn kò rí gbà, òótọ́ sì ni.

Kí ló dé tí wọn kò yọ owó ní 2021? Nítorí pé Hong Kong ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Ní 2002, wọ́n yọ 1.58% nínú owó ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀, 1.64% nínú ti àárín àti 4.42% nínú ti òkè, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá. Wọn kò lè ṣe é láìṣe òfin, torí ìwé àdéhùn iṣẹ́ kò fún ìjọba láyè láti dín owó kù fúnra rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kún ojú pópó, ẹjọ́ tẹ̀ lé e, ọdún 2005 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá ìjọba láre. Pẹ̀lú irú ìrírí bẹ́ẹ̀, kò sí ìjọba tí yóò tìtorí ìdá kan tàbí méjì tún wọ inú rẹ̀. Fífi owó síbi tó wà kò gba òfin kankan. Ọ̀nà tó rọrùn ni wọ́n ń tọ̀, òun ló sì sọ òṣùwọ̀n náà di ohun tó lè gòkè, tó lè dúró, àmọ́ tí kì í sọ̀ kalẹ̀.

Àkókò tí kò bára mu

Ọdún 2021 dára fún ọrọ̀ ajé Hong Kong: ó gbòòrò pẹ̀lú ohun tó lé ní 6%. Bónọ́ọ̀sì àti àfikún tí àwọn ilé-iṣẹ́ san ní ìparí ọdún náà àti ìbẹ̀rẹ̀ 2022 jẹ́ èrè ọdún 2021. Lẹ́yìn náà ni ìgbì karùn-ún àrùn Kòrónà dé. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2022, ọrọ̀ ajé sún sẹ́yìn ní nǹkan bí 4% sí ti àkókò kan náà lọ́dún tó ṣáájú. Ìwé ètò ìṣúná oṣù Kejì sì ti sọ pé owó tí ìjọba yóò ná yóò ju èyí tí yóò wọlé lọ ní bílíọ̀nù 56.3 dọ́là.

Èsì tó dé sórí tábìlì ìjọba lẹ́yìn ìyẹn wá ń sọ ìròyìn ọdún tó dára fún àwọn tí ọdún burúkú ń bá fínra. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró ní ilé oúnjẹ tàbí ilé ìtura kò sì lè hàn nínú irú ìwádìí yìí, torí ẹni tí kò gba owó mọ́ kò ní àfikún tí wọ́n lè kà. Àwọn tí iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ wọn ni òṣùwọ̀n náà ń rí.

Lórí tábìlì ní oṣù Kẹfà

Ìlànà kò sọ pé kí ìjọba san ohun tí ìwádìí bá mú wá. Ó ní kí ó wo nǹkan mẹ́fà: èsì ìwádìí, ipò ọrọ̀ ajé, ọ̀wọ́n ọjà, àpò ìjọba, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń béèrè, àti bí ọkàn wọn ṣe wà nídìí iṣẹ́. Kò sọ ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ọdún tí èsì bá rọrùn, kò sẹ́ni tó ń rántí márùn-ún yòókù. Ọdún tí èsì bá le, àwọn ni wọ́n ń sá sí.

Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ìwádìí pẹ̀lú òfin ìgbésókè, ọ̀wọ́ òkè á gba 7.26%, àárín àti ìsàlẹ̀ á gba 4.55%. Ọ̀gá tó ń gba $100,000 á gba $7,260 lé e lóṣù kan, ẹni tó ń gba $20,000 á gba $910. Kò sí olóṣèlú tó máa fẹ́ dúró níwájú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa láti ṣàlàyé ìyẹn. Bí wọ́n bá sì tẹ̀ lé e láìsí ìgbésókè, ẹni ìsàlẹ̀ yẹn á gba $408 péré. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ìgbésókè ti di ohun tí gbogbo èèyàn gbà pé ó yẹ.

Nọ́ńbà kan fún gbogbo wọn ló kù. 2.5% fún ẹni ìsàlẹ̀ ní $500, ó ju èsì ìwádìí tirẹ̀ lọ, ìyẹn sì jẹ́ kí wọ́n lè sọ pé wọ́n ro ti mẹ̀kúnnù. Ó fún ẹni tó ń gba $50,000 ní $1,250 dípò $2,275, ó sì fún ọ̀gá $100,000 ní $2,500 dípò $7,260. Ìjọba Carrie Lam, tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó gbé ipò sílẹ̀, ló ṣe ìpinnu náà. Wọ́n ní wọ́n wo gbogbo nǹkan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. A kò jiyàn, ṣùgbọ́n wọ́n lè sọ ohun kan náà ká ní 2.1 ni wọ́n mú, tàbí 3.4.

Inú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò dùn. Ọ̀wọ́n ọjà wà lẹ́yìn wọn: iye ọjà lọ sókè ní 0.3% ní 2020, 1.6% ní 2021 àti 1.9% ní 2022. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀ ara wọn, ó jẹ́ nǹkan bí 3.8% láàárín ọdún mẹ́ta. Owó oṣù wọn lọ sókè ní 2.5% láàárín àkókò kan náà. Òṣìṣẹ́ tó ti dé òkè ìpele rẹ̀ rà kéré sí ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀. Èyí tó ṣì wà lórí àtẹ̀gùn kò mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́kù sílẹ̀

Ètò náà kò ní ìwé gbèsè. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 2022 ni ìwádìí tuntun bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ohun tí wọn kò san kò sì bá a wọlé. Tí a bá pín 1.0726 sí 1.025, a ó rí i pé ọ̀wọ́ òkè fi nǹkan bí 4.6% sílẹ̀, àárín fi 2% sílẹ̀ gẹ́lẹ́, ìsàlẹ̀ sì rí nǹkan bí ìlàjì ìdá kan jẹ lé ti ìwádìí. Ibì kan ṣoṣo tí 4.6 yẹn ti lè jáde ni ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tó ń wo iye owó fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ètò yìí níbòmíràn, ibi àlàfo yìí ni kó kọ́kọ́ dí. Kó ní ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n san ju ìwádìí lọ àti ohun tí wọn kò san sí, lọ́dọọdún, kí ìjókòó ọdún tó tẹ̀ lé e lè bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Ká ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà, òdo 2020 àti òdo 2021 ìbá wà nínú rẹ̀, àríyànjiyàn 7.26 ìbá sì dá lórí iye tó ṣẹ́kù, kì í ṣe lórí ẹni tó ní ojú àánú.

Ní 2023, ìjọba padà sí ìlànà: 2.87% fún òkè, 4.65% fún àárín, wọ́n sì fún ìsàlẹ̀ náà ní 4.65%. Ní 2024, ó tún di nọ́ńbà kan, 3% fún gbogbo wọn. Ní oṣù Kejì 2025, ìwé ètò ìṣúná kéde pé kò ní sí àfikún lọ́dún náà. Àkókò tí ìwádìí máa ń wò kò tíì parí nígbà yẹn.

Ní ti owó 2022, wọ́n kà á padà sí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, wọ́n sì san ìyókù oṣù tó ti kọjá pa pọ̀. Ìpele 10 kúrò ní $24,070, ó di $24,670. Ìpele 33 kúrò ní $73,775, ó di $75,620. Àwọn nọ́ńbà tuntun méjì yìí ni wọ́n fi pààlà ọ̀wọ́ fún ìwádìí 2023. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tó ń gba $24,300, tí wọ́n kà mọ́ ọ̀wọ́ àárín ní 2022, á bọ́ sí ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e bí owó rẹ̀ kò bá yí padà.